Ibà Lassa: Kí Ló Dé Tí Kápúsù Kì í Ran Fáírọ́ọ̀sì?

 

Ní etí òkun wa níhìn-ín, láti Abereke títí dé àwọn ìletò Ìlàjẹ yòókù tó wà lórí omi, bí ara ẹnì kan bá gbóná, oògùn ibà la kọ́kọ́ ń rà. Bí ara náà kò bá rọ̀, a ó fi kápúsù kún un. Kí a tó ronú àtiwọ ọkọ̀ lọ sí Igbokoda, aláìsàn lè ti lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀sẹ̀ kan yẹn fi lè gba ẹ̀mí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno. Eku kan tó máa ń wọ ilé ló ń gbé e kiri, tí yóò tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sínú oúnjẹ. Ó tún ń ran láti ara ènìyàn sí ènìyàn nípa ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà tí gbogbo wa mọ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀.

Kí ló dé tí kápúsù kì í ràn án? Bakitéríà ni kápúsù ń bá jà. Bakitéríà ní ilé àti irinṣẹ́ tirẹ̀, àwọn sì ni kápúsù ń bà jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì ní irinṣẹ́ tí kápúsù ń bà jẹ́. Ẹ fi í wé ẹni tó fẹ́ kan ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ tí kò ní pákó, kò ní ìṣó, kò ní òòlù. Àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló mú lọ́wọ́. Ó wọ ibi tí ẹlòmíràn ti ń kan ọkọ̀, ó fi àwòrán náà lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ tirẹ̀ tọ̀sán-tòru. Sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ibi iṣẹ́ náà. Àwọn ọkọ̀ tuntun á jáde, wọ́n á lọ gba ibi iṣẹ́ mìíràn.

Oògùn fáírọ́ọ̀sì ń dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ni. Ribavirin, tí wọ́n ń lò fún Lassa, jọ ọ̀kan lára èròjà tí fáírọ́ọ̀sì fi ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a kó pákó jíjẹrà sáàárín pákó gidi: ọkọ̀ tí wọ́n bá fi kàn á rì. Oògùn HIV náà ń dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n àwòrán ṣì fara pamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lójoojúmọ́. Oògùn fáírọ́ọ̀sì kan kì í sábà ran òmíràn. Ẹ má sì dá ribavirin lò fúnra yín, nítorí ó lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá.

Ọkọ̀ tó bá ti jáde, pákó jíjẹrà kò lè dá a padà mọ́. Nínú ìwádìí kan ní Sierra Leone, tó jáde lọ́dún 1986, wọ́n gún àwọn tí Lassa mú gidigidi ní abẹ́rẹ́ ribavirin. Nínú 20 tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ara wọn gbóná, ẹnì kan ló kú. Nínú 43 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ keje tàbí lẹ́yìn rẹ̀, 11 ló kú. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá oògùn tó dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ mẹ́fà yẹn.

Nítorí náà, bí ara kò bá rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí a ti lo oògùn ibà, ẹ má tún ra kápúsù. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Igbokoda, kí ẹ sì bi dókítà bóyá kì í ṣe Lassa. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà jìn láti orí omi dé ibẹ̀, kò yẹ kí a fi ọjọ́ kan ṣòfò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kó èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ikú, ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àáfà létí kí ẹnikẹ́ni tó wẹ òkú.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí a máa bo ohun èlò oúnjẹ ní alẹ́. Ẹ dé púpurú, gàrí àti ẹja gbígbẹ yín pa dáadáa, kí eku má baà dé ibẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí ọ̀rá ni aṣọ tí fáírọ́ọ̀sì yìí wọ̀, ọṣẹ a sì máa tú u.

Ó tún kọ́ wa pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó tètè wá oògùn náà kò sọ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ nínú Ọlọ́hun nù. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí ilé wa. Àmín.