Ṣé Ó Yẹ Kí Wọ́n Máa Jí Orúkọ Mọ́tò Àtijọ́ Dìde?

Ká má parọ́, inú orin Rick Ross ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ Maybach. Èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé orúkọ bàbá kan ni, Wilhelm Maybach, ará Jámánì, àti pé láti 1921 ni ilé iṣẹ́ òun àti Karl ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe mọ́tò olówó ńlá, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dá a dúró.

Ó lé ní 60 ọdún kí àwọn tó ni Mercedes tó jí orúkọ náà dìde ní 2002, pẹ̀lú Maybach 57 àti 62. Owó rẹ̀ ga gan-an. Àmọ́ egungun S-Class àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan bíi 3,000 péré ni wọ́n rí tà kí wọ́n tó pa á tì ní 2012. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àbí? Ní 2014, wọ́n fi orúkọ náà lé S-Class tuntun lórí, ọjà wá yá.

Èmi ò ní kí wọ́n má jí orúkọ o. Ẹ ṣáà ṣe mọ́tò tó tó o jẹ́. Lincoln dá Continental padà ní 2016. Ní 2020 ó ti wọlé, torí jíìpù làwọn ará Amẹ́ríkà ń rà. Àfi 80 kan tí wọ́n ṣe ní 2019, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn bíi ti 1961. Ìyẹn ò pẹ́ lórí àtẹ rárá.