Ẹnì kan, àkáǹtì tẹ́tẹ́ méjì: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀?

Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti wọ́gi lé Òfin Lọ́tìrì ọdún 2005, lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tó ní ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ wà, ọ̀rọ̀ owó-orí ló gba ẹnu àwọn aláṣẹ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń dun àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù: tíkẹ́ẹ̀tì jẹ, wọ́n fẹ́ gbowó, ilé iṣẹ́ ní àkáǹtì wọn ju ẹyọ kan lọ, ó sì tì í pa.

Bónọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kí oníbàárà tuntun káàbọ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó ní àkáǹtì méjì lè fi bónọ́ọ̀sì kan ta pé ẹgbẹ́ kan yóò borí, kó fi èkejì ta pé kò ní borí. Ibi yòówù kí bọ́ọ̀lù náà já sí, ọ̀kan á jẹ. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn wọn fi ní ẹnì kan, àkáǹtì kan.

Ọ̀pọ̀ gbà pé síìmù tuntun ti tó láti fi bojú. Kò tó. Áàpù ń ka irú fóònù tí ẹ ń lò, ìwọ̀n ojú rẹ̀, èdè àti aago tí ẹ tò sí i. Bí a bá kó wọn pọ̀, wọ́n lè tọ́ka sí fóònù kan pàtó. BVN náà wà ńbẹ̀, nọ́ńbà onídíjíìtì 11 tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2014, tó so gbogbo àkáǹtì báńkì ẹni pọ̀.

Àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún máa ń wò, ló ń kọ mí lóminú. Irú ti àtijọ́, IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ lágbàáyé, kò sì lè kárí. Nítorí náà, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, bí ayálégbé ogún nínú ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ará Mushin àti ará Ìkòròdú tí wọn kò mọra rí lè jọ yọjú pẹ̀lú àdírẹ́sì kan náà. Lójú tèmi, IP nìkan kò tó láti fi gbẹ́sẹ̀ lé owó ẹnikẹ́ni.

Ní Bìrìtéènì, láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ rí i dájú ẹni tí oníbàárà jẹ́ kó tó jẹ́ kó ta tẹ́tẹ́ rárá. Ó yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bá lè dá àkáǹtì kejì mọ̀ lọ́jọ́ tí a jẹ, ó yẹ kí wọ́n wá a rí lọ́jọ́ tí a ń sanwó wọlé.

Àwọn kan a máa lo orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò. Ewu ìyẹn le jù: orúkọ onítọ̀hún ni owó náà wà, òun sì ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá bí owó jìbìtì bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó sì ti ní kí wọ́n ti òun mọ́ta kí tẹ́tẹ́ má bàa ba ilé òun jẹ́, àkáǹtì orúkọ ẹlòmíràn ló ń ṣílẹ̀kùn náà padà fún un.

Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn èké kàn ní Èkó, kó ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì àti èsì ilé iṣẹ́ pa mọ́, kó sì kọ̀wé sí Lagos State Lotteries and Gaming Authority.