Ọjà Tí Ó Tú Kí Ayé Wa Tó Dé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ mi pamọ́ fún yín. Olùkọ́ ni mí ní Ìkirè, mo sì ti jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Ọmọbìnrin kan ló béèrè pé: “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ayé wa àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù fi ń yí oòrùn po lójú ọ̀nà pẹrẹsẹ, tí ọ̀kan kò gba òkè, tí òmíràn kò gba ìsàlẹ̀?” N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó jókòó, kí ó má dà mí láàmú. Láti ọjọ́ náà kò na ọwọ́ sókè mọ́. Ìtìjú yìí ló mú mi wá ìwé kà.

Ohun tí mo rí nìyí. Inú ìkúukùu tútù, tí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ àti eruku, ni a ti ń bí ìràwọ̀. Ìkúukùu náà á máa wó sínú ara rẹ̀. Bí ó ti ń kéré sí i ni yóò máa yára pòyì sí i. Ẹ rántí eégún tí ń pòyì lójú agbo, bí aṣọ rẹ̀ ti ń fẹ̀ yíká bí àwo. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò bọ́ sínú ìràwọ̀ jòjòló ṣe ń tẹ́ yí i ká. Nínú irú àwo yìí, eruku á lẹ̀ mọ́ eruku, á di òkúta, òkúta á sì kó òkúta mọ́ra, bí àwọn ìyá wa ní Ìkirè ti ń ṣù dòdò. Báyìí ni ayé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 4,600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àkókò kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Àpòmù mọ̀ pé ẹni tí ó bá pẹ́ yóò bá àtẹ òfìfo. Apá kan afẹ́fẹ́ inú àwo náà ń ṣàn sínú ìràwọ̀, ìtànṣán ìràwọ̀ sì ń lé ìyókù lọ. Kì í sáàbà ju mílíọ̀nù 10 ọdún lọ tí ọjà náà fi ń tú. Júpítà tètè dé, ó kó afẹ́fẹ́ kún igbá, ó di òmìrán. Ayé wa kò tí ì dàgbà tán nígbà tí ọjà tú. Òkúta ló kù fún un. Òun náà ni a sì rí kọ́lé sí lónìí.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2014, ẹ̀rọ ALMA tí ó wà ní aṣálẹ̀ Atacama ní orílẹ̀-èdè Chile ya àwòrán àwo tí ó yí ìràwọ̀ jòjòló HL Tauri ká. Òrùka dúdú àti òrùka mímọ́lẹ̀ ló wà lára rẹ̀, bí ẹni pé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń la ọ̀nà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 450 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní alẹ́ ìgbà ọyẹ́, òkè orí wa níhìn-ín ló máa ń wà, bí ojú lásán kò tilẹ̀ lè rí i. Ní ọdún 2018, wọ́n rí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun fúnra rẹ̀ nínú àlàfo àwo ìràwọ̀ PDS 70.

Mo pe ọmọ náà, mo ní: “Má bínú. Ìbéèrè rẹ dára. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n.” Mo sì ṣe àlàyé fún un. Ó rò ó díẹ̀, ó ní: “Tíṣà, níbo wá ni ayé wa ti rí omi, nígbà tí ọjà ti tú?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tún ti padà sídìí ìwé. Ẹ má ṣe pa ọmọ lẹ́nu mọ́.