Àwọn Tí Ń Dá Ìró Ayé Mìíràn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ràn eré orí asọ̀rọ̀mágbèsì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, etí ni ó ń ríran. Bí ilẹ̀kùn bá dún, a mọ̀ pé àlejò wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń fò lọ sáàárín ìràwọ̀, báwo ni ó ti ń dún?

Nítorí eré tí ó ń fẹ́ irú ìró tí etí kò gbọ́ rí ni BBC ṣe dá Radiophonic Workshop sílẹ̀ ní Maida Vale, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1958. Daphne Oram àti Desmond Briscoe ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà.

Wọn kò ní kọ̀ǹpútà nígbà náà. Wọn a gba ìró ohun èlò ilé sórí téépù. Wọn a mú un yára kí ohùn lè tín-ínrín, tàbí kí wọ́n mú un falẹ̀ kí ohùn lè ki. Wọn a fi abẹ gé téépù náà, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní 1963, Brian Hodgson fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha irin dùùrù àtijọ́ kan. Ìró náà ni ó di ti ọkọ̀ inú Doctor Who, eré àmóhùnmáwòrán. Ní 1978, Paddy Kingsland ti ilé-iṣẹ́ kan náà dá ìró fún eré rédíò The Hitchhiker's Guide to the Galaxy.

Ti Delia Derbyshire ni ó dùn wá jù. Ron Grainer ni ó kọ orin Doctor Who sórí ìwé. Delia ni ó fi téépù ṣe é, ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí Dick Mills ń ràn án lọ́wọ́. Grainer fẹ́ kí ó bá òun pín nínú owó orin náà, ṣùgbọ́n òfin BBC kò gbà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kọ, wọn kò kọ tirẹ̀. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1998. Delia kú ní 2001. Ọdún 2013 ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn nínú eré náà fún orin yẹn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi ìròyìn ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde ránṣẹ́ sí wa, ẹ má ṣe kọ orúkọ alága nìkan. Ẹ kọ ti àwọn ìyá tí ó dáná àti ti onílù pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ojú ara wọn kà á.