Oníbodè Tó Wà Nínú Ráútà

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ méje tó ń gbélé kan nítòsí Yunifásítì BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì dáwó ra ráútà kan. Lọ́sàn-án, tó bá ku ẹnìkan nílé, fídíò ń ṣàn bí omi. Lálẹ́ tí gbogbo wọn bá dé, ohun gbogbo á dúró gbagidi. Wọ́n á ní dátà ni kò dáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọpọlọ ráútà, ìyẹn CPU rẹ̀, ni iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn.

Láyé àtijọ́, ẹrù kì í wọ̀lú kí oníbodè má yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ráútà nìyẹn. Fídíò kì í wọlé lódindi. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e, ẹrù kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà ju 1,500 báìtì lọ. Bí dátà bá ń wọlé ní megabit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹrù tó lé ní 8,000 ni oníbodè máa yẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni gbogbo ilé sábà máa ń ní lójú ayé, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fóònù báyìí ló béèrè ẹrù báyìí, kó má baà gbé ti yàrá kan fún òmíràn.

Iye ẹrù ló sì ń dá a lágara ju ìtóbi wọn lọ. Géèmù àti ìpè orí WhatsApp ń rán ẹrù kéékèèké tó pọ̀ bí eèrà. Bí ráútà fúnra rẹ̀ bá tún ń ṣe VPN, yóò máa fi àṣírí ìṣirò di ẹrù kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa tú u. Ibẹ̀ ni ọpọlọ kékeré ti ń kú sára.

Ráútà Linksys WRT54G tó jáde lópin ọdún 2002 ní ọpọlọ kan tó ń sáré ní 125 MHz. Ó tó fún ìgbà rẹ̀. Lónìí, àwọn kan ní ọpọlọ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju 1,000 MHz lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: bí ọ̀kan ṣe ń tú ẹrù, èkejì ń gba tuntun wọlé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà gàgàrà tó wà lára páálí ráútà kì í sọ bí ọpọlọ ṣe lágbára tó. Ìgbì Wi-Fi ló ń sọ, ìyẹn bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, kì í ṣe bí oníbodè ṣe yára tó.

Síbẹ̀, ẹ má tíì ná owó. Ẹ fi SIM ráútà náà sínú fóònù tó dáa, ẹ dúró síbi tí ráútà wà, kẹ́ ẹ wọn ìyára rẹ̀ lálẹ́. Bó bá lọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀ràn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àpáta bí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá. Bí òpó bá sì jìnnà sí ilé yín ní Ìsẹ̀ tàbí Emùré, ráútà olówó ńlá ò lè fà á súnmọ́. Bó bá sì jẹ́ megabit mẹ́wàá lásán ló ń wọlé, kò tó ohun tí yóò dá ráútà òde òní lágara.

Ṣùgbọ́n bí fóònù náà bá yára, tí ráútà ń wọ́, tàbí tí ẹ bá gbé Starlink wọlé, èyí tó dé Nàìjíríà ní 2023, ẹ yẹ ọpọlọ ráútà yín wò. Ẹ béèrè iye ọpọlọ rẹ̀ àti ìyára wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí owó tẹ́ ẹ dá má baà ṣòfò.