Ìyàgò, Ìjọ̀wọ́ àti Pípa: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rọ Aṣọ́ré Inú Ọkọ̀

Nínú ìwé ìlò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àṣìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè di jàǹbá lójú pópó. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni ẹ̀rọ tí ń di eré ọkọ̀ mú sí ìwọ̀n tí awakọ̀ yàn, tí ó sì ń dín in kù nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá wà níwájú.

Ralph Teetor, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ fọ́, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ amójútó eré ní 1950. Chrysler sì fi í sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yìí kò mọ ohunkóhun ju eré lọ. Ní 1995, Mitsubishi ti ilẹ̀ Japan lo ìtànṣán lésà láti wọn àlàfo tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjì. Ní 1999, Mercedes-Benz lo rédà.

Orúkọ wo ni ó yẹ ẹ́? "Awakọ̀ adáṣiṣẹ́" kò tọ́, nítorí pé ó ṣèlérí ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe. "Amúrédúró" kò sàn jù ú lọ: ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé bíréèkì ni. "Aṣọ́ré" ni ó rọrùn jù. Ìlànà tí ó bí "aṣọ́bodè" ni ó bí òun náà. Èyí tí ó ní rédà lè máa jẹ́ "aṣọ́ré-ṣọ́àlàfo". Orúkọ yìí sọ iṣẹ́ méjì tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ó sì fi ẹ̀kẹta, èyí tí í ṣe ìṣọ́nà, sílẹ̀ fún awakọ̀.

Níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Bí onítumọ̀ bá kọ "ó dáwọ́ dúró" fún gbogbo rẹ̀, ó ti da ohun mẹ́ta pọ̀. Èkíní ni ìyàgò: awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ eré, ẹ̀rọ yàgò fún un, ṣùgbọ́n ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní kété tí ó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Èkejì ni ìjọ̀wọ́: awakọ̀ tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ sì jọ̀wọ́ iṣẹ́, kì yóò padà àfi bí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pípa: a pa á pátápátá.

Ẹ̀rọ náà tún lè dá jọ̀wọ́ fúnra rẹ̀: bí ẹrẹ̀, òjò líle tàbí yìnyín bá bo ojú rédà, tàbí bí táyà bá ń yọ̀. Àwọn kan a máa jọ̀wọ́ nígbà tí eré bá lọ sílẹ̀ jù. Àwọn mìíràn lè dúró pátápátá, ṣùgbọ́n bí ìdúró bá pẹ́ díẹ̀, wọn kì yóò gbéra láìjẹ́ pé awakọ̀ pàṣẹ. Agogo tàbí iná ojú pátákó ọkọ̀ ni ó sábà máa ń kéde ìjọ̀wọ́ báyìí.

Ohun kan ṣì wà tí kì í ṣe ìjọ̀wọ́ rárá, tí kò sì ní agogo: àìrí. Nítorí kí ọkọ̀ má baà máa tẹ bíréèkì fún afárá àti pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ka ohun tí ó dúró sójú kan sí. Wọ́n lè ṣàìrí ọkọ̀ tí ó dúró, alùpùpù, tàbí ọkọ̀ tí ó wà nínú kọ́nà. Bí eré bá jẹ́ kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ọkọ̀ yóò rìn tó mítà 56 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti onítumọ̀ ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí sọ́tọ̀: ìyàgò, ìjọ̀wọ́, pípa, àìrí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀rọ lè ṣọ́ eré, ojú awakọ̀ ni yóò ṣọ́ ọ̀nà.