Wáswáàsì Nídìí Àlùwàlá: Ṣé Ìtọ́jú Olójú-Yíyí Lè Wò Ó?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ẹni tó ń ṣe àlùwàlá títí tí ìrun fi ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ rí omi ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, ẹ má pè é ní aláṣejù. Àìsàn lè ni. OCD ni àwọn dókítà ń pè é. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 934, ti kọ̀wé nípa irú èrò tí kì í fi ọkàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń bi wá nípa EMDR. Francine Shapiro ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987: aláìsàn á máa rántí ohun tó bà á lẹ́rù, á sì máa fi ojú tẹ̀lé ìka olùtọ́jú sọ́tùn-ún sósì, títí agbára ìrántí náà yóò fi dínkù. Ó lè wúlò bí jàǹbá kan bá ló bí wáswáàsì náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ lórí OCD kò tíì pọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ lò ni ERP: kí ènìyàn fọ ara lẹ́ẹ̀mẹta, kó dìde, kó sì fara da iyèméjì láì padà sídìí omi. Wọ́n lè fi oògùn kún un.

Òfin ẹ̀sìn wa bá èyí mu: iyèméjì kì í mú àmọ̀dájú kúrò. Ẹ ṣàdúà fún un, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.